Báwo ni lẹ́tà Washington, Jefferson àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe wà títí dòní?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ka ìtàn bí Amẹ́ríkà ṣe gba òmìnira, wọn á ní Washington kọ̀wé sí lágbájá lọ́jọ́ báyìí, wọn á sì tú ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà sílẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Lẹ́tà tí bàbá mi kọ sí màmá mi lọ́dún 1974 kò sí mọ́. Báwo ni tàwọn yìí ṣe wà lẹ́yìn igba ọdún ó lé? Ṣé kì í ṣe pé àwọn kan jókòó hun ún? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n ń kọ?"

Ìdáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ irọ́ kúrò nílẹ̀ ná. Wọn kò hun ún. Àwọn bébà náà wà: èyí tó pọ̀ jù nínú ti George Washington, ọ̀gágun tó ṣáájú ogun òmìnira tó sì di Ààrẹ àkọ́kọ́, àti ti Thomas Jefferson, ẹni tó kọ Ìkéde Òmìnira tó sì di Ààrẹ kẹta, wà ní Library of Congress, ilé ìkówèésí ńlá ìjọba Amẹ́ríkà; ti ìdílé John Adams, Ààrẹ kejì, wà ní Massachusetts Historical Society ní Boston. Lọ́dún 2013, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣí Founders Online, níbi téèyàn ti lè ka ohun tó lé ní 180,000 nínú àwọn lẹ́tà àti ìwé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà fóònù yín nìkan ló máa jẹ.

Kì í ṣe pé àwọn kan ò gbìyànjú láti hun o. Lọ́dún 1777, tí ogun ṣì gbóná, ìwé kékeré kan jáde ní London. Wọ́n ní lẹ́tà tí Washington kọ sí àwọn ará ilé rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀gágun náà sì ń sọ níbẹ̀ bí ẹni tí ìjà pẹ̀lú ọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Báwo ni wọ́n ṣe rí lẹ́tà náà? Wọ́n ní ọwọ́ Billy làwọn ti gbà á, ìyẹn William Lee, ẹrú tó máa ń tẹ̀ lé Washington lọ síbi gbogbo. Pé àìsàn ló dá a dúró sí Fort Lee, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi bá òun àti ẹrù ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ náà wọlé dáadáa, torí ẹni tó bá mọ Washington ti ní láti mọ Billy. Washington ò dá wọn lóhùn ní gbangba fún nǹkan bí ogún ọdún. Ìgbà tó di Ààrẹ, tí àwọn ọ̀tá òṣèlú rẹ̀ tún gbé ìwé náà síta, ni ọ̀rọ̀ náà wá ká a lára. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 1797, nígbà tó ku ọ̀la kó gbé ìjọba sílẹ̀, ó kọ̀wé sí Timothy Pickering, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè: ayédèrú ni lẹ́tà wọ̀nyẹn, jálẹ̀ ogun náà, ọ̀tá ò rí ẹrù òun kankan kó, wọn ò sì mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé òun. Ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà òun yìí pamọ́ sí iléeṣẹ́ Pickering, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀.

Ẹ rí i pé lẹ́tà ló fi ja lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wà. Lẹ́tà wọn kò ṣèèṣì yè. Àwọn fúnra wọn ló dìídì pa á mọ́. Wọ́n náwó sí i, wọ́n gba akọ̀wé sí i, torí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Nínú àgọ́ Washington lásìkò ogun, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé kọ ló yí i ká: Robert Hanson Harrison, Tench Tilghman, àti láti oṣù Kẹta 1777, Alexander Hamilton, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọ̀gá á sọ kókó ohun tó fẹ́ kí lẹ́tà sọ, ọ̀kan nínú wọn á lọ kọ ọ́ wá, ọ̀gá á fa ìlà sí ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi tirẹ̀ kún un. Wọn á wá dà á kọ mọ́ sórí bébà tuntun, Washington á fọwọ́ sí i, wọn á fi ìda dì í, ó di ọ̀nà. Èyí tí wọ́n fa ìlà sí ni wọ́n ń tọ́jú. Torí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n ní Washington kọ̀wé, kó má yà yín lẹ́nu bó bá jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé Hamilton ló wà lórí bébà. Ti ọ̀gá lọ̀rọ̀ ṣì jẹ́, òun ló fọwọ́ sí i.

Nígbà tó fi máa di 1781, àpótí ò gba bébà mọ́. Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìgbìmọ̀ tó ń ṣèjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, fọwọ́ sí i kí wọ́n gba èèyàn, Washington sì yan Richard Varick. Varick kó àwọn akọ̀wé jọ sí Poughkeepsie ní ìpínlẹ̀ New York, ó di pé kí wọ́n máa da gbogbo lẹ́tà ogun kọ sínú ìwé ńláńlá. Wọ́n ṣe é títí di 1783, ìwé náà sì jẹ́ 44. Ẹ má gbàgbé pé lásìkò yìí kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni kò rí owó oṣù gbà, tí bàtà ń já lẹ́sẹ̀ wọn. Owó wà fún akọ̀wé. Àwọn kan máa ń pe èyí ní ìgbéraga. Èmi rò pé ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí ẹni tó bá ṣọ̀tẹ̀ sí ọba tí kò sì ní ìwé lọ́wọ́, ohun tí ẹni tó bá borí bá ní ó ṣe ni wọ́n máa gbà pé ó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà yìí dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún 1782, kọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Lewis Nicola kọ lẹ́tà gígùn sí Washington. Ó ṣàlàyé ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ ogun, bí Kóńgírẹ́ẹ̀sì ṣe jẹ wọ́n lówó tí kò san, àti pé ìjọba tí kò lọ́ba kì í lágbára. Ó rọra ń yí ọ̀rọ̀ po títí ó fi dé ibi tó ń lọ: ẹni tó kó wọn ja ogun yìí ló yẹ kó ṣolórí wọn lákòókò àlàáfíà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n rí ìdí tí wọ́n á fi pè é ní ọba. Lọ́jọ́ tí Washington rí lẹ́tà náà, ọjọ́ 22, náà ló dá a lóhùn. Ó ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ tó dun òun tó èyí, pé kí Nicola lé èrò náà kúrò lọ́kàn, kó má sì jẹ́ kí irú rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Gbogbo èèyàn ló ń sọ ibẹ̀ yẹn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dà tí Washington tọ́jú ló gbà mí láfiyèsí jù. Méjì nínú àwọn akọ̀wé rẹ̀, David Humphreys àti Jonathan Trumbull kékeré, fọwọ́ sí i pé ẹ̀dà yìí bá lẹ́tà tí àwọn fi ìda dì, tí àwọn sì fi ránṣẹ́ sí Nicola mu láìyẹ̀, àti pé ẹni tó kọ ọ́ ló ní kí àwọn jẹ́rìí. Ó ní ẹlẹ́rìí méjì lórí lẹ́tà ara rẹ̀! Kì í ṣe Nicola ló ń bẹ̀rù. Ọjọ́ tí ẹnì kan máa sọ pé wọ́n fi oyè ọba lọ̀ ọ́, tí kò sì kọ̀, ló ń bẹ̀rù. Àwa tí ẹ̀ ń bi léèrè lónìí, àwa ni wọ́n fọwọ́ síwèé náà fún.

Ní ti Jefferson, ẹ̀rọ ló fẹ́ràn. Lọ́dún 1780, James Watt, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà lẹ́tà. Èèyàn á fi yíǹkì kan báyìí kọ lẹ́tà rẹ̀, á gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rin díẹ̀ lé e lórí, á tẹ̀ ẹ́ pa. Yíǹkì á wọ inú bébà kejì. Ọ̀rọ̀ á dojú kọ òdì lóòótọ́, àmọ́ bébà náà fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè kà á láti ẹ̀yìn. Jefferson ra tirẹ̀ nígbà tó ń ṣojú Amẹ́ríkà ní Paris. Ní oṣù Kẹsàn-án 1786, ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá, ni ó bá ń fi òsì kọ̀wé. Ọwọ́ òsì yìí ló fi kọ lẹ́tà ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, sí Maria Cosway, níbi tí orí rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ ti ń bára wọn jiyàn lórí bí obìnrin náà ṣe lọ. Ìyàwó oníyàwó ni o, ó sì tún ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́! Ẹni tí kò lè fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹ̀dà, kí ló máa fi sílẹ̀?

Nígbà tó di Ààrẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ onígègé méjì tí wọ́n ń pè ní polygraph: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ń mú gègé kan rìn, èkejì á máa kọ ohun kan náà sórí bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti 1783 títí tó fi kú ní 1826, ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí i àti ẹni tóun kọ̀wé sí sínú ìwé kan. Lọ́dún 1822, ó ráhùn sí John Adams pé òun ka iye lẹ́tà tó dé sọ́dọ̀ òun ní 1820, ó jẹ́ 1,267, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń fẹ́ èsì tó gba ìwádìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló ń ráhùn yẹn, ọwọ́ tó dá ọjọ́sí ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ wá dárúkọ lẹ́tà bàbá yín sí màmá yín. Ibẹ̀ la ti jọra pẹ̀lú wọn. Martha Washington dáná sun lẹ́tà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ síra wọn. Díẹ̀ báyìí ló bọ́. Méjì tí Washington kọ ní oṣù Kẹfà 1775, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe olórí ogun, wà lára wọn: ọmọ-ọmọ Martha ló rí wọn nínú tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀. Jefferson náà ò fi lẹ́tà òun àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó tọ́jú ti Maria Cosway! John àti Abigail Adams nìkan ló yàtọ̀, tiwọn lé ní 1,100, ẹ sì máa rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń bára wọn jà lórí owó, lórí ọmọ, lórí àìfèsì lásìkò. Ní oṣù Kẹta 1776, Abigail kọ̀wé pé nínú òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n má gbàgbé àwọn obìnrin. Ọkọ rẹ̀ fèsì ní oṣù tó tẹ̀ lé e pé ẹ̀rín lọ̀rọ̀ náà pa òun.

Ó kù ìbéèrè yín kẹta, tó le jù: ṣé ohun tó wà lọ́kàn wọn ni wọ́n ń kọ?

Ìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà mìíràn, wọn ò jẹ́ dán an wò. Wọ́n mọ̀ pé lẹ́tà ń jábọ́, wọ́n ń jí i, wọ́n ń tú u. Jefferson àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ James Madison, tó wá di Ààrẹ lẹ́yìn rẹ̀, máa ń fi ẹnà kọ ibi tó bá gbóná, nọ́ńbà lásán ni ẹni tó bá jí i máa bá. Nígbà tí Jefferson jẹ́ igbákejì Ààrẹ, tí àwọn alátakò rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ó sọ kedere fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Taylor ní 1798 pé àìṣòótọ́ àwọn tó ń gbé lẹ́tà ni kò jẹ́ kí òun kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn òun. Ojú rẹ̀ ti rí tó. Ní 1796 ó kọ̀wé sí Philip Mazzei, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ítálì, ó sì fi ọ̀rọ̀ gún àwọn tó jẹ́ akọni lójú ogun tí wọ́n ti wá jẹ́ kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fá irun orí wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Florence, ó ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìwé ìròyìn Paris, nígbà tó sì di 1797, ó ti padà sílé ní New York lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Washington ló ń bá wí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

Ti Thomas Conway tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé 1777 ni. Horatio Gates, ọ̀gágun Amẹ́ríkà mìíràn, ṣẹ́gun ní Saratoga, Washington ní tirẹ̀ fìdí rẹmi ní Brandywine àti Germantown, Philadelphia sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Conway, ọmọ Ireland tó ti jagun fún ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé sí Gates, ó yìn ín, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu Washington. Ọmọ ogun tó ń ran Gates lọ́wọ́, James Wilkinson, ń gbé ìròyìn ìṣẹ́gun lọ sí Kóńgírẹ́ẹ̀sì. Ó yà ní ìlú Reading lọ́dọ̀ àwọn èèyàn Lord Stirling, ọ̀gágun kan lábẹ́ Washington, ọtí wọlé, ó tú ọ̀rọ̀ náà síta. Stirling kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Washington.

Kí ni Washington ṣe? Kò pariwo, kò pe ìpàdé. Ó mú bébà, ó kọ̀wé sí Conway pé òun gba lẹ́tà kan lálẹ́ àná tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀: pé nínú lẹ́tà Ọ̀gágun Conway sí Ọ̀gágun Gates, ó ní ọ̀run ti pinnu láti gba orílẹ̀-èdè yín là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gágun aláìlágbára àti àwọn olùdámọ̀ràn burúkú ì bá ti ba á jẹ́. Ìránṣẹ́ yín ni mo jẹ́. Ó tán. Kò fi kún un, kò bú u.

Ìpayà bá Gates. Ó kọ̀wé sí Washington pé ẹnì kan ti jí lẹ́tà òun dà kọ, kó jọ̀ọ́ bá òun wá olè náà, ó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ṣọwọ́ sí Kóńgírẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, 1778 ni Washington dá a lóhùn, òun náà gba ọ̀dọ̀ Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ó ní bí Gates ṣe ṣe é lòun náà ṣe ṣe é. Ó sọ fún un pé ẹnu Wilkinson, ọmọ abẹ́ Gates fúnra rẹ̀, lọ̀rọ̀ ti jáde. Pé òun tiẹ̀ rò tẹ́lẹ̀ pé ṣe ni Gates ń fi ọ̀rẹ́ kìlọ̀ fóun nípa Conway, àmọ́ òun ti wá rí i pé òun ṣìnà, nínú èyí àti nínú àwọn nǹkan mìíràn láìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní ibínú nìkan ló ń kọ irú gbólóhùn tútù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, John Cadwalader, ọ̀gágun tó ń gbè sẹ́yìn Washington, bá Conway wọ ìjà ìbọn lójúkojú ní oṣù Keje 1778, ọta ba Conway lẹ́nu. Conway rò pé òun ń kú lọ, ó kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Washington. Kò kú.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa Hamilton àti Aaron Burr, tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà, torí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́tà Dókítà Charles Cooper kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Albany ló fà á. Ọjọ́ 18, oṣù Kẹfà, 1804 ni Burr fi lẹ́tà béèrè ohun tí Hamilton sọ nípa òun. Hamilton fi ọgbọ́n ìwé dá a lóhùn níbi tí gbólóhùn kan ì bá ti pẹ̀tù sí i. Ọjọ́ 11, oṣù Keje, wọ́n yìnbọn síra wọn ní Weehawken. Hamilton kú lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkàn ẹnì kan, ohun tó sọ fún ẹni méjì lórí ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ wá. Benjamin Banneker, aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira ní Maryland, ṣe ìṣirò ìràwọ̀ fún ìwé kàlẹ́ńdà. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, 1791, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jefferson pẹ̀lú lẹ́tà tí kò gbè é lẹ́sẹ̀. Ó rán an létí pé ìwọ lo kọ ọ́ nínú Ìkéde Òmìnira pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo èèyàn. Báwo lo ṣe wá ń fi ipá mú àwọn arákùnrin mi sóko ẹrú? Ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn náà ni Jefferson fèsì. Ó dúpẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ rí ẹ̀rí pé Ọlọ́run fún aláwọ̀ dúdú ní ọgbọ́n bíi tàwọn yòókù tó òun, ó sì ní òun ti fi kàlẹ́ńdà náà ránṣẹ́ sí Condorcet, ọ̀mọ̀wé kan ní Paris. Banneker gbọ́n, lẹ́tà méjèèjì ló jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ jáde. Ní 1809, nígbà tí Banneker ti kú, Jefferson kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joel Barlow. Níbẹ̀, lẹ́tà Banneker wá di ẹ̀rí pé orí ẹni tó kọ ọ́ kò ju ti gbáàtúù lọ, ó tún fi ṣẹ̀ pé bóyá aládùúgbò rẹ̀ kan ló bá a ṣe ìṣirò náà.

Ọwọ́ kan náà, lẹ́tà méjì. Ẹ̀rọ Jefferson fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ká rí méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fúnra yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Washington. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ dá lórí ìyẹ̀fun, bàtà àti ẹ̀tù ìbọn. Ẹ lọ sí oṣù Kìíní 1812. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Adams àti Jefferson ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, òṣèlú ló dá wọn níjà, kí ọ̀rẹ́ wọn Benjamin Rush tó bá wọn parí rẹ̀. Ọjọ́ ọdún tuntun ni Adams kọ lẹ́tà kékeré, ó ní òun ń fi aṣọ méjì tí wọ́n hun nílé ránṣẹ́. Àwàdà ni: ìwé méjì ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọmọ rẹ̀ John Quincy ṣe ní Harvard. Lẹ́tà yára ju ẹrù lọ. Jefferson rí lẹ́tà, kò rí nǹkan kan mọ́ ọn, ó gbà pé aṣọ ni lóòótọ́, ni ó bá jókòó ní ọjọ́ 21, ó kọ̀wé gígùn nípa òwú rírán, aṣọ híhun àti bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Virginia ṣe ń ṣe tiwọn nílé. Ẹni tó gbé èsì náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé ìwé méjèèjì bọ̀, ó sì di dandan kí Jefferson tún mú gègé.